Ìléfòó Mọ́kànlélógójì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Yẹ̀kínì fún yín bó ṣe jẹ́ gan-an, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri kò mọ ìdí rẹ̀. Tí wọ́n bá ti jókòó sídìí ayò, tí ọ̀rọ̀ mìíràn ti tán lẹ́nu wọn, wọ́n á ní, "Yẹ̀kínì ọ̀dàlẹ̀." Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé ta ló dà, kí ló sì rí gbà níbẹ̀. Inú máa ń bí mi. Ọmọ àlè ní í rínú tí kì í bí, mo sì mọ bàbá tó bí mi.

Ìdí-Àgbọn ni abúlé wa ń jẹ́, létí ọ̀sà, láàárín Badóre àti Ajáh. Nígbà tí mò ń wí yìí, títì ọlọ́dà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, lọ́rì á wọ inú rẹ̀, a ó sì máa fi ṣọ́bìrì wú u jáde bí ẹni wú iṣu. Tí a bá fẹ́ dé Èkó, ọkọ̀ ojú omi la ń wọ̀, a ó to ẹja yíyan sínú apẹ̀rẹ̀, ó di Èbúté Èrò.

Yẹ̀kínì kì í ṣe ọmọ abúlé náà. Ọkọ̀ tó ń gbé òun àti ìyá rẹ̀ bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ló dà nù nítòsí wa nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ìyá bá omi lọ. Bàbá ọkọ mi ni wọ́n bẹ́ sómi tí wọ́n fa ọmọ náà jáde, wọ́n sì tọ́ ọ pọ̀ mọ́ Ràṣídì ọmọ tiwọn. Àwo kan ni àwọn méjèèjì fi jẹun, ẹní kan ni wọ́n sùn lé. Ràṣídì yẹn ni ọkọ mi, òun ló wá di Alhaji Ògúnlànà, onílọ́rì yanrìn.

Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ dà nù ni Yẹ̀kínì kò ti fẹ́ rí omi tó jìn ju kókósẹ̀ lọ. Nínú abúlé apẹja, ẹni tí kò lè wọ ọkọ̀, kí ló fẹ́ jẹ? Ó kọ́ àtúnṣe àwọ̀n, ó sì kọ́ gbígbẹ́ ìléfòó, ìyẹn àwọn igi fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ etí àwọ̀n kó má baà rì. Láti Láńgbàsà títí dé Badóre, kò sí àwọ̀n tí igi rẹ̀ kò gba ọwọ́ Yẹ̀kínì kọjá. Kì í wo ohun tó ń gbẹ́. Á máa bá ẹ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á wà lára rẹ, ọ̀bẹ á máa lọ. Kò sí bí èmi ìyàwó ilé ṣe lè máa pe orúkọ rẹ̀, torí ó ti wà nínú agbo ilé kí n tó dé, ni mo bá sọ ọ́ ní Ọwọ́-ò-sinmi. Òun náà sọ mí ní Ìyàwó Ẹlẹ́nu. Kò parọ́ mọ́ mi. Ẹ má wò ó pé mò ń pe orúkọ rẹ̀ báyìí, kí ẹ lè dá a mọ̀ ni.

Ó fẹ́ ìyàwó kan rí. Wọn ò bímọ, ìyàwó kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò sì fẹ́ òmíràn. Àtíbàbà kan létí omi tó fi ń ṣiṣẹ́, àti yàrá kan tó fara tì í, ìyẹn nìkan ló ní láyé. Orí ilẹ̀ àwọn Ògúnlànà ló sì wà.

Ní ọdún tí àwọn ṣọ́jà ní àwọn fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, gbogbo ayé di olóṣèlú. Àwa náà dá Ẹgbẹ́ Onítẹ̀síwájú sílẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, mọ́kànlélógójì ni wá. Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá, tí wọ́n dàgbà jù, ni alága wa. Nínú kíláàsì kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń ṣe mítìn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbà á jókòó sórí bẹ́ńṣì ọmọdé, orúnkún wọn á ga ju àyà wọn lọ. Ẹgbẹ́ ńlá tó wà l'Ékòó ránṣẹ́ sí wa pé kí a fi orúkọ ẹnì kan ránṣẹ́, ẹni tí a fẹ́ tì lẹ́yìn láti lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn méjì ló sì jáde.

Ọkọ mi ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni Tíṣà Dúró Odùkọ̀yà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Alhaji ní ojú títì lòun máa kọ́kọ́ bá ìjọba sọ. Tíṣà ní ilé ìgbẹ̀bí lòun máa kọ́kọ́ bèèrè, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tí yóò máa sùn níbẹ̀.

Mo ní láti sọ èyí kí ẹ tó lóye mi. Mo ní àbúrò kan, Mùínàt. Ọdún kẹta ṣáájú ìgbà yẹn ló ń rọbí, ọmọ kò wá, ìyá tó ń gbẹ̀bí ní kí a máa gbé e lọ sí Èkó. A gbé e sínú ọkọ̀. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Ní àárín ọ̀sà, tí a ti ń rí òrùlé Èkó lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní kí n dá oòrùn dúró kó yéé jó òun lójú. Mo fi ìborùn mi ṣíji bò ó. Nígbà tí a dé èbúté, mo ṣì ń ṣíji bò ó, kò sì nílò rẹ̀ mọ́. Bí Tíṣà ti sọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí yẹn, ọ̀rọ̀ ti tán ní tèmi. Mo bi Alhaji nílé pé kí ló dé tí àwọn náà kò fi ilé ìgbẹ̀bí ṣáájú. Wọ́n ní tí títì bá dé, ilé ìgbẹ̀bí á gba orí títì wá fúnra rẹ̀. Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ lọ́rì tiwọn ló ń rì sínú iyanrìn, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀yìn ẹni tí a fẹ́ la máa ń tò sí tẹ́lẹ̀ tí a bá fẹ́ yan ènìyàn. Ìgbà tí a fi irú rẹ̀ yan akápò, ọmọ ìyá méjì tò sí ẹ̀yìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, títí di òní wọn kì í kí ara wọn. Tíṣà ní kí a dìbò ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n dárúkọ ìwé, ariwo ta, torí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀wé, ẹni tó bá sì bá ẹ kọ ọ́ ti mọ inú rẹ nìyẹn. Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá ló wá ní kí a lo ìléfòó. Ilé wo ni kò sí? Kí kálukú mú ẹyọ kan wá láti ilé, kó fi ọ̀bẹ ha àmì ilé rẹ̀ kúrò lójú igi, torí ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tí wọ́n fi ń dá igi wọn mọ̀ bí àwọ̀n bá lọ́ mọ́ra lórí omi. Tí a bá ti ha á kúrò, igi di igi. Ẹni tí kò ní àwọ̀n, kó gba ọ̀kan lọ́wọ́ Yẹ̀kínì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa nínú, a pàtẹ́wọ́. Gbogbo wa sì fẹnu kò pé Yẹ̀kínì ni kó kà á, torí kò sí ẹni tó bá irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Yẹ̀kínì ní kò burú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta sí ìgbà tí a máa dìbò, Alhaji pe gbogbo àwa tí a jẹ́ tiwọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fi ìka kà wá, wọ́n ka ara wọn mọ́ ọn. Mọ́kànlélógún. Ìyáálé mi Sìlífátù wà níbẹ̀, àwọn ìbátan àti àwọn awakọ̀ wọn wà níbẹ̀, Yẹ̀kínì jókòó sí igun rẹ̀. Wọ́n ní kí a sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin ni, Alhaji." Ṣé kí n wá sọ pé Tíṣà ni? Ọmọ mẹ́ta ni mo bí nínú ilé yẹn. Tájù jẹ́ ọmọ ọdún méje, èyí tó kéré jù ṣì wà lẹ́nu ọmú.

Mo ní àwọ̀n kan tó jẹ́ tèmi. Èrè ẹja ni mo fi rà á, apẹja kan ń bá mi fi ṣiṣẹ́, a ń pín in. Okùn ọ̀rá tín-ín-rín láti Èbúté Èrò ni mo fi ṣe etí rẹ̀, nígbà tí gbogbo abúlé ń lo okùn gbàǹgbà. Mo tú ìléfòó kan kúrò lára rẹ̀, mo ha àmì rẹ̀ kúrò, mo tún fi iyanrìn yún un. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ẹ̀yìn pátákó ìkọ̀wé ni wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ méjì sí. Wọ́n gbé ẹyọ àgbọn kan síwájú ti Alhaji, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì síwájú ti Tíṣà. A ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Mo na ọwọ́ sí ti àgbọn, ọwọ́ náà kò lọ. Mo sọ igi mi sínú apẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, mo tún ìró mi so, mo jáde síta pẹ̀lú ojú ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Yẹ̀kínì gbé àwọn apẹ̀rẹ̀ síwájú gbogbo wa. Ti Alhaji ló kọ́kọ́ kà. Bó ṣe ń gbẹ́ ẹ ló ṣe ń kà á, ojú rẹ̀ wà lára wa, ọwọ́ ń lọ. Ó parí sí ogún. Ó bọ́ sí ti Tíṣà. Ó ti ka mẹ́sàn-án nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àtàǹpàkò rẹ̀ wọ inú ihò igi náà díẹ̀, kò lọ jìnnà, ihò náà kéré jù. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó wo Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá, ó wo òrùlé, ó wo Tíṣà. Èmi nìkan ni kò wò. Ó wá ní, "Ẹ̀wá," ó ń bá ìkà rẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí gbogbo wa gbàgbé, àwa tí a bí sétí omi. Àmì ojú igi la ha kúrò, a fi ihò okùn sílẹ̀. Fún àwa tó ku, ihò kò ju ihò lọ. Ẹni tó dá a lu, tó fi okùn kálukú wọn ọ́n kó tó lu ú, ìka rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àti pé n kò rò pé òun náà mọ̀ ṣáájú. Kò gbẹ́ igi fún ìbò rí, kò rò ó débẹ̀ àfi ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kàn án.

Mọ́kànlélógún fún Tíṣà, ogún fún Alhaji. Alhaji dìde, wọ́n bọ Tíṣà lọ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni gbogbo wa ń ṣe. Nígbà tí a délé, wọn kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹnì kan nínú mọ́kànlélógún tiwọn ló yí padà, wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Wọ́n pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú búra. Èmi náà búra. Ọlọ́run kó forí jì mí, Kùránì ni mo gbé lé àyà.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rántí ọwọ́ tó dúró. Mò ń yan ẹja lẹ́yìn àtíbàbà nígbà tí Alhaji wọlé tọ Yẹ̀kínì. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní láti kékeré, ìgbà wo ni ọwọ́ Yẹ̀kínì ti dúró lórí igi rí? Wọ́n ní ẹni tó gbẹ́ igi mọ ẹni tó ni ín. Yẹ̀kínì ní ó rẹ òun lọ́jọ́ náà ni. Alhaji wá ní, "Mo fún ẹ títí di ẹ̀yìn Jímọ̀ọ̀. O dárúkọ ẹni náà fún mi, tàbí o kúrò lórí ilẹ̀ bàbá mi."

Ẹ wá wò mí. Tó bá dárúkọ mi, ẹrù mi á bọ́ síta kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọmọ á sì kù sílé bàbá wọn, ìyáálé á máa bu oúnjẹ fún wọn. Tí kò bá dárúkọ mi, òun ni yóò lọ, kò sì ní ibi tó máa lọ. Tí mo bá fẹnu ara mi sọ ọ́, ti àkọ́kọ́ náà ni. Ọ̀nà mẹ́ta, odi mẹ́ta. Oúnjẹ kò gba ọ̀fun mi kọjá. Ọmú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ọmọ ń ké, ìyáálé ń bi mí pé kí ló dé, mo pariwo mọ́ ọn.

Lọ́jọ́rú mo bu ẹ̀bà àti ọbẹ̀ sínú abọ́, mo ṣe bí ẹni gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó ń gbẹ́ igi. Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ sọ fún Alhaji pé èmi ni.

Ó ní, "Ọmọ mélòó lo bí?"

Ó mọ̀ wọ́n. Òun ló gbẹ́ ọkọ̀ kékeré tí Tájù ń fà kiri. Mo ní mẹ́ta.

"Kí lo wá ń wí, Ìyàwó Ẹlẹ́nu?"

Mo ní kí ni yóò wá ṣe. Ó ní òun máa wá nǹkan ṣe. Mo bi í pé ta ni òun fúnra rẹ̀ dìbò fún. Ọ̀bẹ kò dúró. Ó ní, "Alhaji. Ta ni mo tún ní?"

Mo sunkún níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, èérún igi kún ìró mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó kù, níwọ̀n ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dìde tí mo ń lọ sílé, ara tù mí. Ó ti sọ pé òun máa wá nǹkan ṣe, èmi kò ní ṣe nǹkan kan mọ́. Mo tún jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́bọ̀ ojú náà ti mí débi pé mo gbéra. Mo pọn ọmọ, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Alhaji. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Alhaji gbé ojú sókè, ojú wọn pọ́n, wọn kò tíì sùn. Wọ́n ní, "Sìmbíátù, wọlé. Ṣé ara ọmọ ń gbóná ni?" Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ lẹ́yìn mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ká ní wọ́n kanra mọ́ mi ni, ǹ bá sọ ọ́. Mo ní mo wá bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ jẹ ẹ̀kọ ni.

Lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀, àwọn àgbà péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá gbé apẹ̀rẹ̀ Tíṣà wá. Kò wù wọ́n, wọ́n ní ìbò ìkọ̀kọ̀ ni gbogbo wa fẹnu kò sí. Alhaji ní kò kan ẹgbẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ agbo ilé òun ni. Wọ́n tú ẹnu apẹ̀rẹ̀. Èmi àti ìyáálé mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Yẹ̀kínì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń wo ilẹ̀, ìka rẹ̀ ń yẹ̀ wọ́n wò, ó sì fa ọ̀kan jáde. Mo dá a mọ̀. Ibi tí mo fi iyanrìn yún ń dán.

Ó gbé e lé orí ẹní níwájú Alhaji. Ó ní, "Èyí ni. Èmi ni mo ni ín."

Kò ní àwọ̀n. Igi èyíkéyìí lè jẹ́ tirẹ̀, ta ló máa jà á níyàn? Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá ló bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Omi ti pa obìnrin tó tó."

Ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ, ti Mùínàt. N kò sọ ọ́ fún un rí, ó mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ìyáálé mi gbà pé ti ìyá rẹ̀ ló ń wí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Alhaji ní, "Bàbá mi fa ọ́ jáde nínú omi." Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀.

Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń kó lọ sí ibòmíràn, ọkọ̀ ni wọ́n ń lò. Yẹ̀kínì kò lè wọ ọkọ̀. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lé orí, ó so ẹní mọ́ ọn, ó fi ẹsẹ̀ gba orí iyanrìn lọ. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e dé ìdí igi àgbọn tó kẹ́yìn, ó ní kí wọ́n padà. Ó gba yàrá kan lẹ́yìn mọ́sáláṣí kan ní Láńgbàsà. Alhaji ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra igi lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ kí Alhaji rí òun níbẹ̀?

Kò tó oṣù kan tí lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ńlá. Tíṣà kà á fún wa ní kíláàsì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa gan-an. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó kún ojú òṣùwọ̀n, ọkùnrin kan báyìí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí, kí a fi gbogbo agbára wa tì í lẹ́yìn. Déètì tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà náà, ó ṣáájú ọjọ́ tí a dìbò. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú. Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dùn ún gbọ́. Ilé ìgbẹ̀bí kò dé, títì kò dé.

Mo ronú pé ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn. Mo lọ bá Alhaji, mo kúnlẹ̀, mo ní níwọ̀n ìgbà tí ìbò náà kò jámọ́ nǹkan kan, kí wọ́n jọ̀ọ́ ránṣẹ́ pe Ọwọ́-ò-sinmi padà. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, ọ̀rọ̀ ẹni tí òun rò pé ó wà lẹ́yìn òun ni. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, ojú wọn rọ̀. Wọ́n ní, "O láàánú. Gba àtíbàbà yẹn, máa fi yan ẹja rẹ. Ìwọ dúró tì mí."

Kí ni kí n sọ? Tí mo bá ní n kò fẹ́, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Ilé tó dára jù létí omi nìyẹn, ìyáálé ti fẹ́ ẹ fún ọdún mẹ́wàá. Mo dọ̀bálẹ̀ tán pátápátá bí ọkùnrin, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo gbá èérún igi jáde, mo gbé agbada tí mo fi ń yan ẹja sí ibi tó máa ń jókòó sí. Èéfín ti gba gbogbo òrùlé báyìí, àmọ́ tí òjò bá rọ̀, mo ṣì ń rí èérún igi nínú iyanrìn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i lọ́jà Ajáh lẹ́yìn náà. Ó rù. Ó ń fi igi gbẹ́ ọmọ orógùn tà fún àwọn obìnrin. Ó kígbe "Ìyàwó Ẹlẹ́nu" láti ọ̀ọ́kán, inú rẹ̀ dùn, ó bèèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ. Mo fún un ní ẹja, ó gbà á, ó sì súre. Ẹnu mi tí wọ́n ń pariwo, n kò rí ọ̀rọ̀ kan fi sọ fún un ju pé ẹ kú ọjà.

Ní ọdún kẹrin, nígbà òjò, ibà mú un nínú yàrá yẹn. Ọjọ́ méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ti sin ín kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wa, lẹ́yìn ìrun Àílà.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí Alhaji wọ àtíbàbà wá. Wọn kì í wá síbẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí, láàárín èéfín, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, èjìká wọn ń mì. Wọ́n ní wọ́n jọ jẹ nínú àwo kan ni. Wọ́n ní lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń retí pé kó wá bẹ òun, ẹ̀bẹ̀ kan péré. Mo ń fẹ́ iná. Ẹja mẹ́rin ti ń jóná lójú mi.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Sìmbíátù, ìwọ lo mọ àwa méjèèjì jù. Kí ni mo ṣe fún Yẹ̀kínì?"

Mo ní, "N kò mọ̀, Alhaji."